Ẹ̀kọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún: Ìjì Ń Bọ̀, Ẹ Jẹ́ Kí A Múra Sílẹ̀

Kí a tó kàwé

Ẹ wo ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé. Ṣé ó mọ́ ni, àbí ó ṣú?
Nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀, kí ni ẹ máa ń ṣe nílé yín?
Ta ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ nílé yín pé òjò fẹ́ rọ̀? Báwo ni ó ṣe máa ń mọ̀?

1. Òjò ní ìlú wa

Ìlú Atakpamé wà láàárín àwọn òkè, ní orílẹ̀-èdè Tógò. Láti Lómè, olú ìlú wa, dé Atakpamé tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Àwọn ilé kan wà lórí òkè. Àwọn mìíràn wà ní ìsàlẹ̀.

Nígbà tí òjò bá rọ̀, omi máa ń sáré láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Omi òjò tó ń sáré bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní àgbàrá. Àgbàrá a wọ inú odò kékeré. Odò kékeré a wọ inú odò ńlá. Odò Mónò ni ó ń gbé púpọ̀ nínú omi yìí lọ sí òkun.

Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, òjò máa ń ṣọ̀wọ́n. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Ọyẹ́ a fẹ́, ètè a gbẹ, eruku a bo ewé. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ooru a mú gan-an. Ìgbà náà ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá. Afẹ́fẹ́ líle ni ó máa ń ṣíwájú rẹ̀. Mànàmáná a kọ, àrá a sán. Bí afẹ́fẹ́ líle, mànàmáná, àrá àti òjò bá dé pọ̀, ìjì nìyẹn.

Ní ilẹ̀ òtútù bíi Kánádà, ìjì máa ń dé nígbà òtútù. Yìnyín ni ìjì tiwọn máa ń kó wá, a sì bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ náà máa ń kó oúnjẹ, omi àti tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí ìjì tó dé. Ìjì wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ọjọ́ tó dára ni a fi ń múra de ọjọ́ tí kò dára.

2. Iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, ní ìparí oṣù Kejì. Táyé àti Kẹ́hìndé jí ní kùtùkùtù. Ìbejì ni wọ́n. Ọkùnrin ni Táyé, obìnrin ni Kẹ́hìndé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n. Ìdòwú, àbúrò wọn, jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀ òkè, nítòsí odò kékeré kan.

Táyé dọ̀bálẹ̀. Kẹ́hìndé kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà."

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A dúpẹ́, mà."

Bàbá gbé àkàbà jáde. "Òní ni a ó tún ilé ṣe," ni ó wí. "Òjò kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Táyé wo òkè. Oòrùn ń ràn. Kò sí ìkùukùu kankan. "Bàbá, ojú ọ̀run mọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ta ni yóò gun òrùlé?"

Táyé kò rí nǹkan sọ.

Bàbá gbé àkàbà ti ògiri, ó sì gun òkè. Páànù méjì ti ṣí ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọdún tó kọjá, òkúta mẹ́ta ni Bàbá gbé lé wọn lórí. Ìyá Àgbà mi orí.

"Òkúta kọ́ ni ìṣó," ni Ìyá Àgbà wí. "Bí afẹ́fẹ́ bá gbé páànù, òkúta yóò já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀."

"Òótọ́ ni, Ìyá," ni Bàbá dáhùn. Ó kó òkúta náà sọ̀kalẹ̀. Ó fi ìṣó kan páànù mọ́ igi dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó gé ẹ̀ka igi gbígbẹ kan tó nà sórí ilé.

Ilé ìdáná wọn jẹ́ ilé amọ̀. Omi lè jẹ ẹsẹ̀ ògiri amọ̀ títí ògiri yóò fi wó. Nítorí náà, Bàbá la ojú àgbàrá yí i ká, kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Táyé àti Kẹ́hìndé kó ewé àti ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà iwájú ilé. Ìdòwú kó igi ìdáná kéékèèké wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá mú apẹ̀rẹ̀ kan. Ó kó gàrí, ẹ̀pà, tọ́ọ̀ṣì àti oògùn Ìyá Àgbà sínú rẹ̀. Ó fi ọ̀rá di ìṣáná. Ó tún fi ọ̀rá mìíràn di àwọn ìwé kan.

"Kí ló dé tí ìwé fi wọ inú ọ̀rá?" ni Ìdòwú béèrè.

"Ìwé ìbí yín ni," ni Ìyá dáhùn. "Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdánwò CEPD, wọn yóò béèrè rẹ̀. Ìwé tí omi bá bàjẹ́ kò ṣeé kà mọ́."

Ìyá pọn omi mímu kún garawa méjì, ó sì dé wọn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sí orí tábìlì gíga, níbi tí omi kò lè dé.

3. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà

Ilẹ̀ ṣú. Wọ́n jẹun tán, wọ́n sì jókòó.

"A ti tún òrùlé ṣe," ni Ìyá Àgbà wí. "A ti kó oúnjẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan."

"Kí ni, mà?" ni Kẹ́hìndé béèrè.

"Àdéhùn," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín.

"Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ láti oko. Òjò ti rọ̀ lórí òkè. Níbi tí àwa wà, ilẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n odò ti kún. Bàtà ọ̀rẹ́ mi bọ́ sínú omi. Bàtà tuntun ni. Ó ní ìyá òun yóò bínú. Ó wọ inú omi lọ láti mú un. Omi náà kò ju orúnkún rẹ̀ lọ."

Ìyá Àgbà dákẹ́ díẹ̀.

"Ní ọjọ́ kejì, wọ́n rí bàtà náà. Wọn kò rí ọ̀rẹ́ mi láàyè mọ́."

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ìdòwú sún mọ́ Ìyá Àgbà.

"Omi tó ń sáré lágbára ju bí ó ṣe rí lójú lọ," ni Bàbá wí. "Ní ọdún 2008, òjò pọ̀ ní Tógò débi pé omi wó àwọn afárá ńlá. Mọ́tò kò rí ọ̀nà kọjá. Bí omi bá lè wó afárá, ẹsẹ̀ ọmọdé ńkọ́?"

Ìyá di ọwọ́ àwọn ọmọ mú. "Ẹ gbọ́ mi. Bàtà ṣeé rà. Ìwé ṣeé rà. Ewúrẹ́ pàápàá ṣeé rà. Ọmọ kò ṣeé rà. Ohunkóhun tí omi bá gbé lọ, ẹ fi sílẹ̀. N kò ní bínú."

Wọ́n wá ṣe àdéhùn.

"Bí ìjì bá bá yín ní ilé ìwé, ńkọ́?" ni Bàbá béèrè.

"A ó dúró sí ilé ìwé," ni àwọn ìbejì dáhùn.

"Bí ó bá bá yín lójú ọ̀nà?"

"A ó yà sí ilé Ìyá Alágbàdo."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí ẹ̀yin tàbí Ìyá yóò fi dé."

"Bí ilẹ̀ bá ṣú ńkọ́?"

"A ó dúró síbẹ̀!"

4. Ìjì ká wọn mọ́ ọ̀nà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Táyé àti Kẹ́hìndé ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ooru mú púpọ̀. Ewé kan kò mì. Kẹ́hìndé wo ìhà ìlà oòrùn. Ibẹ̀ ni ìjì wa ti sábà máa ń wá. Ìkùukùu dúdú ti bo ibẹ̀.

Lójijì, afẹ́fẹ́ dé. Eruku gbọn sókè. Máńgòrò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti orí igi. Pa! Pa! Pa!

Táyé sáré lọ sí abẹ́ igi.

"Táyé! Kúrò lábẹ́ igi!" ni Kẹ́hìndé kígbe.

"Mẹ́ta péré ni mo fẹ́ ṣà!"

Mànàmáná kọ yẹ̀rì. Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í kà, bí olùkọ́ ṣe kọ́ wọn: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà..." Àrá sán, gbàrà-gbàrà!

Kí ló dé tí ó fi ń kà? Mànàmáná àti àrá, ìgbà kan náà ni wọ́n ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yára ju ìró lọ. A kọ́kọ́ máa ń rí mànàmáná, lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ àrá. Ìró máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ó tó rin kìlómítà kan. Kẹ́hìndé ka ẹ̀fà. Ìjì náà kò jìnnà ju kìlómítà méjì lọ. Ibi tí a bá ti lè gbọ́ àrá, mànàmáná lè dé ibẹ̀.

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n!" ni Kẹ́hìndé kígbe. "Jù ú sílẹ̀, kí a lọ!"

Táyé ju máńgòrò sílẹ̀. Wọ́n sáré. Wọn kò tíì rìn jìnnà nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ńlá kan lẹ́yìn wọn. Gbàù! Ẹ̀ka ńlá kan ti já láti orí igi máńgòrò. Ibi tí Táyé dúró sí ni ó já sí.

Ìyá Alágbàdo ti dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà." Ó ti fèrèsé. Ó fa okùn tẹlifíṣọ̀n yọ kúrò lára iná. Ó ní kí wọ́n jókòó sí àárín yàrá, kí wọ́n jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

Fóònù Ìyá Alágbàdo dún. Bàbá ni.

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ mi," ni Ìyá Alágbàdo wí. "Ẹ fara balẹ̀. Ẹ má tíì wá o, odò ti kún."

Òjò rọ̀, ó rọ̀, ó rọ̀. Nígbà tí ó yá, ó dá. Ìyá Alágbàdo wọ yàrá lọ mú aṣọ gbígbẹ wá fún wọn. Táyé yọ́ jáde. Ó fẹ́ wo odò. Kẹ́hìndé sáré tẹ̀ lé e.

Odò kékeré náà ti yí padà. Omi rẹ̀ pọ́n bí erùpẹ̀. Ó ń sáré, ó ń hó. Àwọn òkúta tí wọ́n máa ń gbà kọjá kò hàn mọ́. Ẹsẹ̀ Táyé rì sínú ẹrẹ̀ létí odò. Ó fa ẹsẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n bàtà kò tẹ̀ lé e. Omi gbé bàtà náà. Ó ń léfòó lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ lè tó o.

Táyé na ọwọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

Nígbà náà ni ó rántí ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà. Ó rántí ọ̀rọ̀ Ìyá. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Kẹ́hìndé di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n sì wo bàtà náà bí ó ṣe ń lọ, títí wọn kò fi rí i mọ́.

Wọ́n padà sí ilé Ìyá Alágbàdo.

5. Lẹ́yìn ìjì

Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú nígbà tí Bàbá dé. Ó ti dúró títí omi fi fà. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Alágbàdo, ó sì mú àwọn ọmọ lọ sílé.

Òrùlé wọn kò ṣí. Ilé ìdáná kò wó. Igi ìdáná gbẹ. Iná mànàmáná ti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní tọ́ọ̀ṣì. Ìyá wo ẹsẹ̀ Táyé.

"Bàtà kejì ńkọ́?"

Táyé sọ orí kodò. "Omi gbé e lọ, mà. Mo fi sílẹ̀."

Ìyá kò bínú. Ó gbá a mọ́ra, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ìyá Àgbà wí pé, "Ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó kò pa, kí ó máa dúpẹ́." Ó mú bàtà kan tó kù, ó fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó sì fi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wáyà iná kan ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá kò fọwọ́ kàn án. Ó dúró ní òkèèrè, ó ń dá àwọn ènìyàn padà, ó sì pe àwọn òṣìṣẹ́ CEET. Ìyá se omi kànga títí ó fi hó dáadáa, kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Àwọn ọmọ wọ bàtà, wọ́n da omi inú agolo àti táyà nù, kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin síbẹ̀. Bàbá sì lọ bá aládùúgbò tí páànù rẹ̀ ṣí kan òrùlé rẹ̀.

Ẹ rántí

Kí ìjì tó dé:
Ẹ bá àwọn òbí yín kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà.
Ẹ kó omi mímu, oúnjẹ gbígbẹ, tọ́ọ̀ṣì àti oògùn sí ibi gíga.
Ẹ fi ọ̀rá di ìwé ìbí àti ìwé ilé ìwé.
Ẹ bá àwọn òbí yín ṣe àdéhùn: níbo ni ẹ ó dúró sí?

Nígbà tí ìjì bá ń jà:
Ẹ wọ inú ilé. Ẹ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé.
Ẹ má dúró lábẹ́ igi. Ẹ má ṣa máńgòrò.
Ẹ má wẹ̀ nígbà tí àrá bá ń sán.
Bí ògiri amọ̀ bá là, ẹ kúrò nínú yàrá náà, kí ẹ sì pe àgbà.
Bí kò bá sí ilé nítòsí, ẹ jìnnà sí igi, irin àti omi. Ẹ lóṣòó, kí ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ má dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn ìjì:
Ẹ dúró nínú ilé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.
Ẹ má wọ inú omi tó ń sáré, bí kò tilẹ̀ jìn.
Ẹ má fọwọ́ kan wáyà tó já sílẹ̀.
Bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ewu, ẹ pe àgbà kíákíá. Nọ́ńbà àwọn panápaná ní Tógò ni 118.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

Àgbàrá: omi òjò tó ń sáré lórí ilẹ̀.
Òjò àkọ́rọ̀: òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn.
Àdéhùn: ohun tí àwọn ènìyàn jọ fi ẹnu kò sí.
Léfòó: kí nǹkan wà lójú omi láìrì.
Fà: kí omi tó kún máa dín kù.

Ìbéèrè

1. Níbo ni ilé Táyé àti Kẹ́hìndé wà?
2. Kí ló dé tí Bàbá fi kó òkúta kúrò lórí páànù?
3. Kí ni Ìyá fi ọ̀rá dì? Kí ló dé?
4. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà?
5. Kí ni ìbá ti ṣẹlẹ̀ sí Táyé bí ó bá dúró lábẹ́ igi máńgòrò?
6. Kí ló dé tí Ìyá kò bínú nítorí bàtà?
7. Lẹ́yìn òjò, Táyé ṣe ohun kan tí kò yẹ kí ó ṣe. Kí ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

1. Abẹ́ igi ni ibi tó dára jù láti sá sí nígbà ìjì.
2. Odò lè kún bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀ níbi tí a wà.
3. Ìró yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ.
4. A gbọ́dọ̀ se omi kànga kí a tó mu ún lẹ́yìn ìjì.

Ìṣirò

Mànàmáná kọ. O ka oókan títí dé ẹẹ́sàn-án kí àrá tó sán. Kìlómítà mélòó ni ìjì náà fi jìnnà sí ọ?

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ya àwòrán ọ̀nà láti ilé yín dé ilé ìwé. Fi àmì sí ibi tí odò wà. Fi àmì mìíràn sí ilé tí o lè yà sí bí ìjì bá dé.
2. Mú àwòrán náà lọ sílé. Fi han àwọn òbí rẹ, kí ẹ sì ṣe àdéhùn tiyín.
3. Bi ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà rẹ léèrè: "Ìjì wo ni ẹ kò lè gbàgbé?" Wá sọ ìtàn náà ní kíláàsì.